Ta Ló Gbé E Wá?

Bí o bá wà níbi tí mọ́tò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ènìyàn ní Òṣogbo, ì báà jẹ́ nísàlẹ̀ afárá Ọláìyá, ní Ògo-Olúwa tàbí lójú ọ̀nà Ìkìrun, oríṣi ohùn méjì ni wàá gbọ́. Àkọ́kọ́ ni ariwo: "Jéésù!" "Lá ìláha!" "Yéè, ọmọ ọlọ́mọ ti kú o!" Èkejì kì í pariwo rárá. Ẹnìkan á kàn sún mọ́ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fà á láṣọ, á sì sọ ọ́ sí i létí pé: "Má fọwọ́ kàn án o. Ọlọ́pàá á ní ìwọ lo pa á."

Ohùn kejì yìí ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ òǹrorò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni: ìyá rẹ, ìyàwó rẹ, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Wọn á sì fi òwe tì í lẹ́yìn: oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, oore ni àkàlà ṣe tó fi yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Orí pípá igún ni gbogbo wa mọ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè bí ẹni tí igún ṣe lóore ṣe wá jẹ́: bóyá ó yè, bóyá ó bímọ, bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an ló ń pa òwe náà káàkiri.

Mo mọ ẹnìkan tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pá bí ti igún. Bàbá Ìbejì la máa ń pè é. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, òun ló sì máa ń gbé èmi àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi nígbà tí òjò bá mú wa mọ́ ilé ìwé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gbá ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé lójú ọ̀nà Ìkìrun, ó sì sá lọ. Àwọn ènìyàn pé jọ. Fóònù yọ lọ́tùn-ún lósì. Ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá títì ló kọ́kọ́ kúrò nídìí iná. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ká a, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́ tó wà nítan ọmọ náà, ó wá gbójú sókè, ó ń wá ẹni tó máa gbé ọkọ̀ wá. Bàbá Ìbejì sọ fún mi pé òun ti fẹ́ máa lọ. Ó ní ibi tí òun ti ń yí kẹ̀kẹ́ padà ni ojú òun àti ti ìyá náà ti ṣe mẹ́rin.

"Tíṣà, ẹ ò lè rí irú ojú yẹn kẹ́ ẹ tún wa kẹ̀kẹ́ yín kọjá."

Wọ́n gbé ọmọ náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ìyá alákàrà gbé orí rẹ̀ lé itan, wọ́n gbọ̀nà. Nílé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, nọ́ọ̀sì tó jáde sí wọn kò tíì wo ojú ọgbẹ́ tó fi bèèrè pé, "Ta ló gbé e wá?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mọ́tò ló gbá a."

"Ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. Ẹ sì mú owó àsansílẹ̀ dání."

Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Nílé ìwòsàn kejì, dókítà ọ̀dọ́ kan kò bèèrè nǹkan kan, ó kàn ní kí wọ́n gbé ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n ní kí Bàbá Ìbejì wá kọ sítétimẹ́ǹtì, ìyẹn kò burú. Àmọ́ wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára àga ẹ̀yìn, ni kẹ̀kẹ́ bá di ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ di "ṣé kì í ṣe ìwọ lo gbá a, tó o wá ń ṣe bí aláàánú?" Kẹ̀kẹ́ sùn sí àgọ́. Kó tó gbà á jáde, ó san owó tí wọn kò já rìsíìtì fún, lábẹ́ ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì.

Bí ìtàn yìí ṣe ń lọ káàkiri ní ibùdókọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń bá a dé kí wọ́n tó mi orí. "Ẹ ò rí i? Ohun tá a ń sọ nìyẹn." Wọn kì í sọ ti bẹ́ńṣì. Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ ti òun mọ́lé, ìyá alákàrà jókòó sórí bẹ́ńṣì àgọ́ ọlọ́pàá, épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, epo ti ta sí i káàkiri. Ó ní òun rí ọkọ̀ tó gbá ọmọ, òun rí bó ṣe sá, ẹni tó bá máa ti Bàbá Ìbejì mọ́lé kó ti òun náà mọ́ ọn. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ní ilé òun kò jìnnà. Nígbà tó yá, fọkanáísà kan tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbá ọmọ dé, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta káàdì ìpè tẹ̀ lé e. Ni ohùn ọ̀gá ọlọ́pàá bá yí padà. Kẹ̀kẹ́ ló sùn lágọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì sùn sílé rẹ̀. Ọmọ náà sì yè. Ó ń rìn.

Nínú ìtàn yìí, ohun tí àwọn tó kù rí ni kẹ̀kẹ́. Èmi rí bẹ́ńṣì, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ wà. Màá padà sí i. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé "lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá" jẹ́ òfin. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n gbé òfin kan jáde lórí ìdigunjalè àti ohun ìjà. Ó ní kí ẹni tàbí ilé ìwòsàn tó bá gba ẹni tí wọ́n fura pé ọta ìbọn bà wọlé, tàbí tó bá tọ́jú rẹ̀, fi tó ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀. Ìgbà náà ni ìgbà tí adigunjalè gbòde, ohun tí wọ́n ń wá ni kí olè má rí ibi tó máa sá pamọ́ sí láti wo ọgbẹ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí wọ́n ti gbà wọlé ni wọ́n ní kí wọ́n wá sọ. Òfin náà kò ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya títí ìwé á fi dé. Ti mọ́tò kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ìjìyà tó wà nínú rẹ̀ ló dẹ́rù ba àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n fi sọ ìwé ọlọ́pàá di apata. Ìbẹ̀rù ọgbẹ́ ìbọn ran ọgbẹ́ ọ̀bẹ, ti ọ̀bẹ ran ti ọ̀kadà, títí ó fi di pé ọmọ tó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn gan-an, wọ́n á bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Òfin ti yí padà láti ìgbà náà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Kò yọ ẹni tí kò lówó sílẹ̀, kò yọ ẹni tí kò níwèé. Ní ìparí 2017, ààrẹ fọwọ́ sí òfin mìíràn tó dá lórí àwọn tí ìbọn bà nìkan. Ó ní kí wọ́n tọ́jú wọn, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà tàbí kó má sí, owó àsansílẹ̀ ì báà wà tàbí kó má sí. Ilé ìwòsàn ló máa lọ sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ọn, láàárín wákàtí méjì, kò rán ẹni tó gbé aláìsàn wá níṣẹ́ yẹn. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ sára ògiri gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti béèlì tó jẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn: pé ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ran ẹni tí ìbọn bà lọ́wọ́, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, kí wọ́n má fi ìbéèrè tí kò yẹ dójú tì í. Ọlọ́pàá, ẹ̀ṣọ́ aláàbò tàbí ilé ìwòsàn tó bá káwọ́ gbera tí ẹni náà fi kú lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura, tàbí kó san ₦500,000.

Ihò kan wà níbẹ̀, mi ò sì ní fi bò. Ìbọn ni òfin 2017 dárúkọ. Ẹni tó gbé ẹni tí adigunjalè yìn níbọn ní ààbò tí wọ́n kọ sílẹ̀. Òfin yẹn kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó gbé ẹni tí tírélà gbá ní ìkóríta Gbọ̀ngán. Kí la máa pe èyí? Tírélà ń gbá ènìyàn lójoojúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni jàǹbá ọkọ̀ ń pa lágbàáyé lọ́dún, pé òun ló sì ń pa àwọn ọmọ ọdún márùn-ún títí dé ọdún 29 ju ohunkóhun lọ. Àwọn tó ń ṣojú wa l'Ábújá lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo dí ihò náà.

Wọ́n ti dí i níbòmíràn. Ní Íńdíà, irú ìbẹ̀rù tiwa yìí náà ló wà níbẹ̀. Ènìyàn á dùbúlẹ̀ sójú títì, ọkọ̀ á máa yà á sílẹ̀. Àjọ kan tó ń jẹ́ SaveLIFE Foundation gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2016, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ fi àṣẹ ti ìlànà tó dáàbò bo olùrànlọ́wọ́ lẹ́yìn, ní 2019 wọ́n sì kó o sínú òfin ìrìnnà ọkọ̀. Ẹni tó bá gbé ẹni tó fara pa dé ilé ìwòsàn lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó bá tirẹ̀ lọ. Wọn kò lè fi dandan gba orúkọ rẹ̀. Bó bá fúnra rẹ̀ gbà láti jẹ́rìí, wọn kò gbọ́dọ̀ máa pè é lónìí, pè é lọ́la. Ní 2021, ìjọba wọn tún fi ẹ̀bùn owó rúpìì 5,000 lé e. Ti owó yẹn kò wù mí tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kí wọ́n ṣáà fi kẹ̀kẹ́ wa sílẹ̀.

Owó gan-an ni ẹ̀rù kejì, a kàn máa ń fi ti ọlọ́pàá bò ó mọ́lẹ̀ ni. "Ta ló gbé e wá?" lẹ́nu nọ́ọ̀sì túmọ̀ sí "ta ló máa sanwó?" Òfin 2014 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dá àpò kan sílẹ̀ fún ìlera, ìdá kan nínú rẹ̀ sì wà fún pàjáwìrì. Ètò tí wọ́n ń pè ní NEMSAS ló ń mójú tó o, ohun tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún ni láti san owó ìtọ́jú wákàtí 48 àkọ́kọ́ fún ilé ìwòsàn tó bá wà lára ètò náà. Ẹ bi wọ́n. Ẹ dúró níwájú kọ́ńtà kẹ́ ẹ bèèrè pé, "Ṣé ẹ wà nínú NEMSAS?" Bí wọn ò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹni tó gbé e wá mọ nǹkan. Ẹ tún mọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀: ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Aṣúbíaró, àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ UNIOSUN ní Ìdí-Ṣẹ́kẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH. Ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì tẹ́lẹ̀ á máa pòyì nínú ọgbà.

Ó máa ń dùn mí pé ní agbègbè wa yìí ni ọ̀rọ̀ rí báyìí. Nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, nítorí ènìyàn tó ń kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè, sílẹ̀ ní 1988, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀. Lójú ọ̀nà tiwa níhìn-ín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, nọ́ḿbà FRSC ni 122, ọ̀fẹ́ ni, ti pàjáwìrì gbogbogbò sì ni 112. Mo ti bi àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kóróòpe kan rí bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Nọ́ḿbà tẹ́tẹ́ ni wọ́n mọ̀.

Wàyí o, bẹ́ńṣì. Ẹ̀rù ọlọ́pàá, ẹ̀rù ẹni tó dá nìkan wà ni. Ó rọrùn láti pe ẹnìkan ṣoṣo tó dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára ní afurasí. Ó ṣòro láti pe ènìyàn mẹ́rin bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìyá alákàrà, fọkanáísà àti ẹni tó ń ta káàdì ìpè wà láàárín wọn. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó má dá gbé ẹnikẹ́ni. Má sì pariwo "ẹ gbà mí o" sáàárín èrò, èrò kò létí. Nawọ́ sí ènìyàn: "Ẹ̀yin bọ̀dá tẹ́ ẹ wọ búbá aláwọ̀ ewé, ẹ pe 122. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọrùn ẹ̀ mú. Ìwọ, lọ já ewé sójú títì, lọ́tùn-ún lósì, kí ọkọ̀ mìíràn má wá pa gbogbo wa." Ẹni tí o bá nawọ́ sí kì í sábà kọ̀. Mo rò pé wọ́n ti ń retí ẹni tó máa rán wọn níṣẹ́ ni.

Fóònù tó yọ yẹn náà ní ìwúlò. Ẹ fi ya nọ́ḿbà ọkọ̀, ibi tí ọkọ̀ dúró sí, ipa táyà lórí ọ̀dà. Fọ́tò tó ní aago nínú ni ẹlẹ́rìí tí kì í gbàgbé, òun ló máa sọ pé nígbà tẹ́ ẹ dé, jàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má ya ojú ẹni tó dùbúlẹ̀. Àwọn kan ti ka ikú ọmọ wọn lórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wọn, mi ò sì mọ ohun tí ènìyàn máa sọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í ṣe ọkọ̀ tó yẹ fún ẹni tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́. Bí àwọn FRSC tàbí ọkọ̀ áńbúláǹsì bá lè tètè dé, ẹ dúró dè wọ́n, ẹ má fa ẹni tó há sínú ọkọ̀ yọ bí àpò ìrẹsì, àyàfi bí iná bá fẹ́ sọ. Ọrùn tí a yí lódì lè sọ ẹni tí ì bá rìn di arọ. Ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ: aṣọ tó mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ gbọn-in, bí ẹ̀jẹ̀ bá rin ín, ẹ fi òmíràn lé e lórí, ẹ má ṣí i wò. Irin tàbí ìgò tó bá wọlé sára, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ọ̀rá tàbí ìbọ̀wọ́ bá wà, ẹ fi bọ ọwọ́ yín. Ẹni tó dákú àmọ́ tó ń mí, ẹ rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ di orí àti ọrùn mú pọ̀ mọ́ ara, kí èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ má bàa há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ jọ̀ọ́, ti omi yìí. A fẹ́ràn ká máa da omi tútù lé ẹni tó dákú lórí, ká tún máa fún un mu, bí ẹni pé oorun ló ń kùn ún. Omi yẹn lè bá ọ̀nà èémí lọ. Ẹ gbé píọ́wọ́tà yín sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ awakọ̀ náà tún wà. Ìdí kan tí wọ́n fi ń sá ni pé wọ́n mọ ohun tí à ń ṣe fún awakọ̀ tó bá dúró. Bí èrò bá lù ú, ẹni tó lọ́kọ̀ tó sún mọ́ jù lọ láti gbé ẹni tó fara pa la lé lọ yẹn.

Mo sọ díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, àwọn SS2. Mo ní kí wọ́n kọ 122 sẹ́yìn ìwé wọn. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn na ọwọ́.

"Sà, tó bá wá kú sí wa lọ́wọ́ ńkọ́?"

Kíláàsì dákẹ́. Mo sọ fún un pé ó lè ṣẹlẹ̀, pé ó sì máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ní ohun tí wọ́n máa sọ fún ọlọ́pàá kò ju ohun tí wọ́n rí lọ: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago tó lù, bí wọ́n ṣe bá a, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi nọ́ḿbà àgbàlagbà kan nílé sílẹ̀. Kí wọ́n má gbà láti lọ sí àgọ́ láìsí àgbàlagbà lẹ́yìn wọn, kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ó rò ó díẹ̀. "Sà, màmá mi ò ní gbà."

Mo ní kó sọ fún màmá rẹ̀ pé ìpàdé àwọn òbí ti ń bọ̀, pé màá mú Bàbá Ìbejì wá síbẹ̀, kí wọ́n wá bi í ní gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n. Bàbá Ìbejì ti gbà, àmọ́ ó ní òun kò ní wá bí ìyá alákàrà kò bá tẹ̀ lé òun.